Pẹ́pẹ́yẹ Orí Yìnyín àti Àkàrà Fídáù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọjá lọ sí ilé-kéwú ní àárọ̀ Sátidé, mo mọ̀ pé ẹ ti rí mi lórí bẹ́ǹṣì tó wà létí adágún inú ọgbà. Ẹ máa ń kí mi dáadáa, Ọlọ́hun yóò wò yín. Ọ̀kan nínú yín bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Uncle, kí lẹ máa ń wò nínú omi yẹn? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ now." Òótọ́ ló sọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì rí ìdáhùn fún un lójú ẹsẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ìwé. Ohun tí ẹnu mi kò bá lè sọ, mo máa ń jókòó tì í títí yóò fi ṣeé kọ sílẹ̀. Mo ti jókòó ti èyí pẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ ti àwọn olórí aláwọ̀ ewé tí ẹ ń rí yípo ọdún, tí wọ́n ń tẹ̀lé ọmọdé kiri nítorí búrẹ́dì. Àwọn yẹn ti di onílé. Àwọn àlejò ni mò ń sọ. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá, láti àwọn ilẹ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún àti níhà ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti ń dì gbagidi bí òkúta. Bí omi wọn bá ti dì, oúnjẹ ti tán nìyẹn, nítorí abẹ́ omi ni oúnjẹ wọn wà. Wọn a gbéra, wọn a fò ré kọjá òkun. Tí a bá jí lọ́jọ́ kan tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí, wọn á ti kún ojú omi wa, bí ẹni pé ẹnì kan tú wọn síbẹ̀ láti inú àpò.

Wọ́n kéré ju àwọn onílé lọ. Akọ wọn dúdú lẹ́yìn, ó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ́ kan sì rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀ bí etí fìlà abetí-ajá. Ojú rẹ̀ ń dán bí wúrà. Abo rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Wọn kì í da ìdí sókè kí wọ́n máa wá koríko lábẹ́ omi bí àwọn yòókù. Wọ́n ń rì sínú omi pátápátá ni, o ò ní rí wọn mọ́, ìgbà tó bá yá wọn a ru jáde níbòmíràn pẹ̀lú ìgbín omi lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń fò bọ̀, ìyẹ́ wọn a máa súfèé. Súfèé yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé òtútù ti dé, kí yìnyín tó bọ́ rárá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Láyé ìgbà náà, àwa tí a ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì pọ̀ ní Peckham yìí, nílùú òyìnbó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti ń wọ báàsì lọ sí Elephant and Castle. Báàsì náà kún fún àwa àti àwa. Ẹni tí oorun bá gbé lọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a fi èjìká gbé orí rẹ̀, ì báà má mọ̀ ọ́n rí. A ó gbálẹ̀, a ó nu tábìlì, a ó da ìdọ̀tí nù, a ó sì ti jáde kí àwọn onísúùtù tó wọlé, bí ẹni pé àǹjọ̀nú ló wá bá wọn tún ibẹ̀ ṣe. Lónìí, fóònù ló ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Fóònù a ní kí eléyìí lọ sí ìhà ìhín, kí tọ̀hún lọ sí ìhà ọ̀hún. Olúkúlùkù ń dá lọ, olúkúlùkù ń dá bọ̀, ohùn kan wà létí wọn tí kì í ṣe ohùn ẹlẹgbẹ́ wọn. Elephant gan-an, tí ẹ bá ní kí n fi ọ́fíìsì tí a ń gbá hàn yín, mi ò ní lè fi í hàn. Wọ́n ti wó o. Ilé onígíláàsì ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ga débi pé ojú ọ̀run ni a ń rí lára rẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi ń rìn bọ̀ wálé. Àwa mẹ́rin la máa ń jọ rìn. Èmi wà níbẹ̀, àti ìyàwó mi Sàfúrátù, tí ẹ̀yin ò bá láyé. Làmídì ọmọ Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnì kẹrin wa ni Alhaja Rábì, ó jù wá lọ. Ó ti lọ sí Mẹ́kà kí ó tó dé ìlú yìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rí nílé, ó sì ń fọ ilé ìyàgbẹ́ níbí láìráhùn. Ọgbà tó wà láàárín Old Kent Road àti ọ̀dọ̀ wa ni a ń gbà kọjá, ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́.

Bí adágún bá dì, ohun kan wà tí a máa ń ṣe. Làmídì ní ọ̀pá mọ́ọ̀bù àtijọ́ kan tí ó fi pamọ́ sábẹ́ igi. Òun ló ń fi lu etí yìnyín. A dún gbà, gbà, lẹ́yìn náà a ó gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe ń sán lọ sí àárín omi. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ pàápàá ń gbìyànjú: wọn a máa lúwẹ̀ẹ́ yípo ojú kan láìdúró kí ibẹ̀ má bàa dì mọ́ wọn lójú. Àwa kàn ń bá wọn mú un fẹ̀ sí i ni. Alhaja ló sọ ọ́ di iṣẹ́ láádá. Ó ní ẹni tó bá fún ẹranko lómi, Ọlọ́hun rí i. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá ní ohun tó ṣẹ́kù lálẹ́ àná a dà á sílẹ̀ fún wọn. A kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Búrẹ́dì ni a mọ̀, a sì fún wọn ní búrẹ́dì.

"Bàbá Àmínà, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn," ìyàwó mi a wí. "Ẹsẹ̀ lásán, lórí yìnyín! Èmi tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ-ìka."

"Wọn kì í gbálẹ̀ ọ́fíìsì," Làmídì a dá a lóhùn. "Ara tó bá sinmi, òtútù kì í mú un."

Ọdún Iléyá máa ń bọ́ sí ìgbà òtútù nígbà náà. Ìgbà ooru ló ń bọ́ sí báyìí, ẹ̀yin ń wọ agbádá yín kí gbogbo ayé lè rí i. Tiwa, abẹ́ kóòtù ni lẹ́ẹ̀sì ń gbé títí a ó fi kírun tán, tí a ó sì padà sílé. Sàfúrátù máa ń ṣí bọ́tìnnì kan péré kí àwọn obìnrin lè mọ̀ pé aṣọ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rántí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń kọ èyí. Ìgbà ò lọ bí òréré.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, òtútù rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Àmínà ọmọ wa ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yìnyín bọ́ títí báàsì fi ń yọ̀ lójú títì. A wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí fóònù Alhaja dún. Mo gbọ́ tí ó kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti inú yàrá ìpàdé. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ó ti padà sídìí tábìlì tí ó ń nù. Ojú kan náà ló ń nù, tí ó ń nù, tí ó ń nù.

"Ìyá mi ti lọ," ó ní. "Wọ́n á sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀."

Kò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá jáde nílùú yìí, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá náà láyé. Àwọn àgbà wa ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá Alhaja bímọ, ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ará àdúgbò ló gbé e wọ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn korò lọ́nà ọ̀fun Alhaja ju ewúro lọ. Ó sọ fún ìyàwó mi lójú mi pé, "Sàfú, sàárà nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún wọn. Bí sàárà mi bá dé ọ̀dọ̀ wọn, a jẹ́ pé mo sin wọ́n. Bí kò bá dé, a jẹ́ pé ìyá mi kò bímọ."

Nígbà tí ó di ọjọ́ fídáù, a din àkàrà. Ilé ìdáná Alhaja kéré, Sàfúrátù àti òun ni wọ́n ń din ín, èmi ń lọ ẹ̀wà. Èéfín pọ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ èéfín lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Làmídì gun àga, ó fi ọ̀rá ìrajà dì í lẹ́nu. "Rọra," ó ń bá ẹ̀rọ náà wí. "Àlùfáà pàápàá kò tíì gbóhùn sókè tó báyìí, ìwọ tí wọn ò pè." Alhaja rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí fóònù ti dún nìyẹn.

Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan lójú Old Kent Road ni a ń lò bí mọ́ṣáláṣí. A ṣe àdúà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín kò jẹ́ kí àwọn èèyàn wá. Ibi tí a rò pé ẹsẹ̀ kò ní gbèrò, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló jókòó sí iwájú, ẹní òfìfo sì lọ rẹrẹ lẹ́yìn wọn. Àkàrà ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù jọjọ. Alhaja ń wo abọ́ àkàrà náà bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́rù padà lójà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbé abọ́ náà dání. A ti mọ ibi tí ó ń lọ. Làmídì fọ́ yìnyín. Òtútù mú débi pé ihò tó ṣí kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun méjì lọ, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ adágún sì dà sínú rẹ̀, wọ́n fún mọ́ra. Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, Rábì ni o. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ní ìyẹ́ ni mo fi rán." Ó da àkàrà náà sínú ihò, ó sì da òróró tó sùn sí ìsàlẹ̀ abọ́ lé e, kí ó má bàa ṣe ahun sí sàárà ìyá rẹ̀.

"Alhaja, ẹ ò fi mẹ́ta sílẹ̀ fún èmi," Làmídì wí. "Èmi náà mọ omi wẹ̀."

"Làmídì, ẹnu rẹ yìí!" Sàfúrátù fi bàtà rọra gbá a lẹ́sẹ̀. Inú wa dùn. A rò pé iṣẹ́ ti dé ibi tí a rán an.

Nígbà tí a padà débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo kọ́kọ́ rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi kékeré náà. Ó lẹ́wà, mo sì ń wò ó. Sàfúrátù ló rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Wọn ò sí nínú omi. Orí yìnyín ni wọ́n wà, àwọn kan dùbúlẹ̀, ìyẹ́ wọn lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n ń gbọ̀n. Ẹ ti rí adìẹ tí òjò pa rí. Ẹ ò tíì rí pẹ́pẹ́yẹ tí omi pa. Ó burú láti rí, nítorí o mọ̀ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Làmídì kò rí àwàdà kankan ṣe. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọ̀kan, ó fi ìka ra ìka, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Alhaja dúró lẹ́yìn wa.

"Kí ni?" Alhaja bi í.

Sàfúrátù ń nu ìka rẹ̀ sára kóòtù.

"Sàfú, mo ní kí ni?"

"Òróró ni, Alhaja. Òróró àkàrà."

Àwọn olórí ewé tó ṣì lè fò ti lọ. Àwọn àlejò kéékèèké tí ń rì ló jìyà jù, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ ìsàlẹ̀ tí wọ́n sì ru jáde nínú ihò yẹn, òróró ni wọ́n ń fi orí gbà. Àwọn mélòó kan ti kú. Mẹ́ta la rí tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn tí a sì lè mú. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi wé wọn.  Làmídì di Alhaja lápá mú délé.

Báàfù wa ni Sàfúrátù kó wọn sí. Ó fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, bí ẹni tí ń wẹ ìkókó, ìyẹ́ kan lẹ́yìn ìyẹ́ kan. Àmínà jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàlùwẹ̀, ó ń sunkún pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Làmídì yọjú.

"Ìyá Àmínà, omi ti gbóná. Ata ńkọ́?"

"Mummy, please, ẹ má jẹ́ kí Uncle Làmídì wọlé o!"

"Ọmọ yìí, mò ń bá ìyá ẹ ṣeré ni."

"Kì í ṣe funny, Uncle!"

Àmínà ló pe obìnrin òyìnbó kan tí ń tọ́jú ẹyẹ, nítorí òun ló mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé àkàrà fún òyìnbó. Obìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì nínú yìnyín, ìmú rẹ̀ pọ́n. Làmídì sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́yẹ, ìyàwó mi sì ní kí ó ṣọ́ irú orúkọ tí ó ń pe èèyàn. Ọ̀kan ti kú kí obìnrin náà tó dé. Ìkejì kú nígbà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta jẹ́ abo. Obìnrin náà ní ibi tí àwọn ń tọ́jú ẹyẹ ti kún nítorí òtútù, àti pé kí a má gbé e kiri mọ́, òun yóò máa wá wò ó.

Ẹnu obìnrin yìí ni mo ti gbọ́ ohun tí ó yẹ kí a ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ ní ọ̀rá tirẹ̀ nídìí ìrù, ẹnu ló fi ń mú un pa ìyẹ́ lára, a sì to ìyẹ́ náà lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Omi kì í wọlé, afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ìyẹ́ a máa móoru bí kúbùsù. Òróró ìdáná a tú gbogbo rẹ̀ ká. Omi a wọlé, òtútù a dé ẹran ara, ẹyẹ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá inú rẹ̀ nítorí kí ó lè móoru, títí ọ̀rá náà yóò fi tán. Ó ní nínú òtútù líle, jíjókòó jẹ́ẹ́ ni ìlera wọn. Ajá tó lé wọn fò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ti jẹ oúnjẹ ọjọ́ yẹn lẹ́nu wọn. Ìyàwó mi béèrè nípa ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó ń lọ sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tútù tó ń bọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, tọ̀hún a yá tìhín ní ooru, kí ooru má bàa jò dànù sórí yìnyín. Sàfúrátù ní, "Bí ọkọ àti aya." Kò wò mí nígbà tí ó sọ ọ́.

Nípa búrẹ́dì, obìnrin náà kò bá wa jà. Ó kàn ní ó ń kún inú wọn láìfún wọn lókun, èyí tí wọn ò bá jẹ a jẹrà sísàlẹ̀, ìgbà ooru a sì sọ ọ́ di àìsàn. Ó ní ọkà òótì tí a kò sè sàn, tàbí ẹ̀wà òyìnbó aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní píìsì. Oore tí a kò fi ìmọ̀ ṣe, èmi kò mọ orúkọ tí à ń pè é.

Alhaja ń wá lójoojúmọ́. Kì í jókòó. A dúró sẹ́nu ọ̀nà bàlùwẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ tí yìnyín wà lórí rẹ̀, a bi ìyàwó mi pé, "Ṣé omi ń yí lórí rẹ̀ ni àbí ó ń wọlé?"

"Ó ṣì ń wọlé, Alhaja."

A yíjú, a lọ. Ẹran ara rẹ̀ ń gbẹ. Ìyàwó mi sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Alhaja, ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni Ọlọ́hun ń wò."

"Mo gbọ́," ó dáhùn. "Ẹ̀mí tó lọ ńkọ́? Ojú wo ni ìyá mi yóò fi gba abọ́ tí òkú wà nínú rẹ̀?"

Ìyàwó mi tún bu omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù. 

Lọ́jọ́ kan ó dé, ó béèrè. Ìyàwó mi bu omi lọ́wọ́, ó wọ́n ọn sẹ́yìn ẹyẹ náà. Omi náà yí wálẹ̀ bí ilẹ̀kẹ̀ tó já. Alhaja jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó sì wí pé, "Tún un ṣe."

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni a gbé e padà. Alhaja ló gbé páálí tí ẹyẹ náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí omi, ó gbé e kalẹ̀ láìṣí i. Ìyàwó mi ló bá a ṣí i. Ẹyẹ náà jókòó bí ẹni tí ń ronú. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sómi, ó sì rì. A ń wo ojú omi. Kò sí nǹkan kan. Alhaja di apá kóòtù mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé. Ó pẹ́. Lọ́nà jíjìn, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù, orí pupa rúsúrúsú kan ru jáde, ó gbọn omi dànù, ó sì léfòó.

"Ọ̀kan nínú gbogbo wọn," Alhaja ní. "Ṣé ó tó?"

"Ó tó, Alhaja," ìyàwó mi wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún ní, "Wọ́n ní àwọn ẹyẹ yìí ń padà wá síbi tí wọ́n bá mọ̀. Bó bá padà wá nígbà òtútù tó ń bọ̀, màá mọ̀ pé ìyá mi gba sàárà náà."

Ó di ọdún kejì, wọ́n dé, ìyẹ́ wọn ń súfèé. Abo wọn pọ̀ nínú omi, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Alhaja ń wò wọ́n títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sàfúrátù nawọ́, kò tilẹ̀ ronú. "Òun nìyẹn, Alhaja. Wo bí ó ṣe ń yí ọrùn. Bí ó ti ń ṣe ní báàfù gan-an nìyẹn."

Alhaja wò ó. "Mo mọ̀ pé o ò dá a mọ̀," ó ní. "Tún un fi hàn mí."

Lọ́dọọdún ni ó ń fi í hàn án. Àwọn méjèèjì jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn ò sì sọ ọ́.

Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọdún kan, yìnyín kan ojú omi bí awọ mílíìkì, ó sì yọ́ kí oòrùn tó là tán. Ọdún mìíràn, kò dì rárá. Àwọn àlejò ń dín kù. Ìwé kan wà lára pátákó létí omi pé kí a má fún ẹyẹ ní búrẹ́dì. Ọdún kan, wọ́n kọ òmíràn sí i pé àìsàn ẹyẹ wà nílùú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkú ẹyẹ tí ó bá rí. Làmídì padà sí Ìsẹ́yìn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ó wí bẹ́ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀pá mọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sí lábẹ́ igi mọ́. Igi náà pàápàá, wọ́n ti gé e.

Sàfúrátù ṣàìsàn, ó sì kú. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Mo ń rìn nílẹ̀.

Ìwé Alhaja jáde nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ó jáde, kíndìnrín rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Dókítà ní kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń gbé ní Nunhead lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ọgbà bí ara rẹ̀ bá le.

Nígbà òtútù tó kọjá, mo tì í dé etí omi. Afẹ́fẹ́ kò mú. Àwọn ọmọdé ń ṣeré láìwọ kóòtù. Àwọn olórí ewé wà níbẹ̀, àwọn ẹyẹ òkun funfun wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo. Alhaja wò yí gbogbo omi ká.

"Èwo ni?" ó bi mí.

Mo ń wá ọ̀kan tí mo lè nawọ́ sí. Èmi kì í purọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ nawọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹyọ kan. Kò sí akọ, kò sí abo.

"Wọn ò wá, Alhaja."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ṣé wọ́n kú ni?"

Mo ti bi Ìyá Ẹlẹ́yẹ ní irú ìbéèrè yẹn nígbà tí mo rí i lójú títì. Mo sọ ohun tí ó sọ fún mi. "Wọ́n ní omi ọ̀dọ̀ wọn kò dì mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òtútù ibẹ̀ náà ti rọ̀. Oúnjẹ wà lábẹ́ omi fún wọn títí ọdún fi ń yí. Púpọ̀ nínú wọn kì í wá jìnnà tó ibí mọ́."

 Báàsì kan kọjá lójú Old Kent Road, òmíràn tẹ̀lé e.

"A jẹ́ pé ilé ló wà," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja."

"Ó ń jẹun nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó bá rí oúnjẹ jẹ nílé, kí ló máa wá ṣe níbí?" Ó rọra gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì ṣe àdúà tí mi ò gbọ́ tán. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú. Nígbà tí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ojú náà tutù fún omijé, ṣùgbọ́n ó ti sinmi. Mi ò tíì rí i kí ó sinmi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bá a nídìí tábìlì tí ó ń nù.

Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ayé tó iye ọdún tí a ti fi ń retí rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́yẹ sọ èyí náà fún mi lójú títì lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́. Mo tún ìbòrùn Alhaja ṣe, mo sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ọ̀nà Nunhead.